Ọ̀nà Tí Kò Gba Inú Yàrá Ẹnikẹ́ni Kọjá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìn-ín-ní

Màmá pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe ìyá tèmi — ìyá Ẹni Àná ni mò ń wí, ọkọ mi tẹ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti kó ẹrù mi jáde nílé wọn, kò pè mí rí. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló kú.

"Ìyàwó mi," ló wí, bí ẹni pé àná la jọ jẹun kẹ́yìn, "ṣé àwòrán ilé lo ṣì ń yà àbí o ti ń ta aṣọ?"

Mo ní àwòrán ilé ni mo ṣì ń yà, mà.

Ó ní ó dáa. Ó ní eékún ń dààmú òun, àtẹ̀gùn ilé ti di òkè ńlá fún òun, pé wọ́n fẹ́ fi yàrá kan kún ilé. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan wá. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n wó bàrándà iwájú, kí wọ́n fi gíláàsì bo gbogbo ojú ilé. "Mo lé e. Mo ní ẹni tó mọ ilé yìí ṣì wà láyé. Wá."

Ìyàwó mi! Ọmọ rẹ̀ sì ti fẹ́ ẹlòmíì láti bí ọdún kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

N kò ní lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Mo lọ.

Mo ti gbàgbé bí ilé yẹn ṣe rẹwà tó. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, òpó mẹ́rin gbọ̀ngbọ̀n níwájú, ojú ọ̀nà onísìmẹ́ńtì tó tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè láti orí òpó kan sí èkejì. Fèrèsé onígi. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan — kò sí méjì tó jọra, ẹni tó ṣe wọ́n kò kánjú. Ọ̀dà ti ń ṣí, omi òjò ti mu igun kan, ṣùgbọ́n ògiri náà nípọn, kò sì sí ibi tó sán.

Ẹni Àná dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó ti sanra díẹ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ o." Mo ní, "Ó pẹ́." Ó parí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wá. N ó máa pè é ní Àrọ́pò nínú ìwé yìí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ọmọ kékeré ni, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ojú rẹ̀ sì wú bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. "Àǹtí, ẹ káàbọ̀." Ohùn jẹ́jẹ́. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, mo sì rí i pé kò ní rọrùn.

Ohun tí Ẹni Àná ń fẹ́: yàrá kan nísàlẹ̀, lẹ́yìn ilé ìdáná, pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀, kí Màmá lè yé gun òkè. Mo ní kò burú, iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni. Àrọ́pò gbọ́ "nísàlẹ̀", ó wo ilẹ̀, ó dàbí ẹni tó ń gbàdúrà. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Lónìí mo wọn ilé. Ẹni Àná sá lọ síbi iṣẹ́, Àrọ́pò ló bá mi di ẹnu téèpù mú.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí mo gbé inú ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, n kò sì fi ojú iṣẹ́ mi wò ó rí. Yàrá mẹ́ta ló wà lókè, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ. Pálọ̀ níwájú, ibi tí àtẹ̀gùn ti yọ. Yàrá àárín. Lẹ́yìn rẹ̀, yàrá Màmá. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú yàrá dé inú yàrá ni, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ láyé ìgbà yẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Màmá kò lè dé pálọ̀, kò lè dé bàrándà, kò lè lọ tọ̀, àfi kó gba yàrá àárín kọjá.

Yàrá àárín ni yàrá tọkọtaya. Tèmi tẹ́lẹ̀. Tirẹ̀ báyìí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo sì dúró sójú kan. Kọ́bọ́ọ̀dù wà láàárín yàrá gangan, ó kọ̀yìn sí ọ̀nà, ó dí ibùsùn mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èmi náà gbé kọ́bọ́ọ̀dù tèmi sí. Tèmi bá mi lọ nígbà tí mo kó ẹrù. Tirẹ̀ ni ó rà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ ni tèmi wà.

Mo bi í pé ta ló gbé e síbẹ̀.

"Èmi ni, mà." Ó ń wo téèpù. "Afẹ́fẹ́ ni… afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibẹ̀ yẹn."

Afẹ́fẹ́! Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà, Màmá fúnra rẹ̀, ṣílẹ̀kùn, ó ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ó ní òun ń wá gíláàsì ojú òun. Gíláàsì wà lójú rẹ̀. Ó kí wa pé ẹ kú iṣẹ́, ó kọjá sí pálọ̀. Kò pẹ́ ó tún padà kọjá. Àrọ́pò kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ — n ó le gbagidi bí igi títí yóò fi kọjá tán.

Nígbà tí mo kúrò nílé yẹn, gbogbo ẹbí ní àìrọ́mọbí ló fà á. Wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń káàánú mi. Ta ló ń lóyún lójú títì?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Mo fi gbogbo ọjọ́ bínú. N kò tilẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni tó kọ́ ilé náà, ó sì ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti yà á tán, yàrá ìsàlẹ̀. Ó dára, kí n má purọ́. Fèrèsé onígi méjì bíi tòkè, òdòdó sìmẹ́ńtì lórí wọn, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí eékún kò ní rojọ́ lórí rẹ̀, irin ìdìmú nínú balùwẹ̀. Bí èèyàn bá dúró ní títì, yóò rò pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú ilé. Mo ń rẹ́rìn-ín sí àwòrán ara mi bí wèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Màmá gbé gíláàsì sójú, ó wo àwòrán náà pẹ́.

"Ó dára. Ta ló ń gbé e?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Kí ni n ó máa rí látojú fèrèsé yìí?"

Mo ní ẹ̀yìnkùlé.

"Àgbá omi," ló wí. "Àgbá omi àti okùn aṣọ." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní láti bàrándà òkè, òun ń rí gbogbo àdúgbò. Òun mọ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, òun mọ ìgbà tí telọ̀ òdìkejì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun mọ ọmọ tó ń sá kúrò nílé ìwé. Òun kò ṣàìsàn, eékún ló ń dun òun. "Ẹ fẹ́ kó mi pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná bí ìkòkò tó ti jò. Mi ò lọ."

Ẹni Àná bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dókítà. Dókítà fúnra rẹ̀, Màmá ní, sọ pé kí òun máa gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí oríkèé má baà gan. Mo wo Àrọ́pò. Ojú ẹ̀ ti rẹ̀ wẹ̀sì bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán.

Mo ká àwòrán mi. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé Màmá tọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó dé! Inú balùwẹ̀ ni mo wà, ọṣẹ lójú, ó dé.

Ṣebí ìta wà. A lè gba ìta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, látẹnu yàrá Màmá títí dé bàrándà iwájú. Kó dúró lórí òpó bíi tiwájú, kí ojú ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bíi tiwájú, kó ní ìgbátí onígi tí Màmá lè dì mú. Balùwẹ̀ tuntun níparí rẹ̀ lẹ́yìn, mítà díẹ̀ sí ibùsùn Màmá. Màmá yóò jáde ní yàrá rẹ̀, yóò rìn lábẹ́ òrùlé tirẹ̀, yóò dé ibi tó ti ń wo àdúgbò — kò ní gba inú yàrá ẹnikẹ́ni kọjá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò di ibòji tí wọ́n lè jókòó sí.

Ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá àárín àti yàrá Màmá — ká dí i. Ká mọ bíríkì sí i, ká rẹ́ ẹ, ká kùn ún.

N kò jẹun ọ̀sán. Mo yà á títí ejìká fi ń ta mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Enjiníà tó ń bá mi ṣírò ẹrù ilé ní ògiri yẹn yóò gbà á, òpó yóò sì gbé e. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Ó bàjẹ́.

Ó kọ́kọ́ dùn bí oyin ná. Màmá ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lórí ìwé. "Èmi nìyí, mò ń lọ… mò ń lọ… mo dé bàrándà!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òpó náà dára, ó ní wọ́n á rò pé bàbá ọkọ òun ló kọ́ ọ. Ó fẹ́ràn balùwẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ dúró.

"Ibí yìí ńkọ́? Ilẹ̀kùn mi dà?"

Mo ní kò ní nílò rẹ̀ mọ́.

"Mo ní ilẹ̀kùn mi dà?"

Mo ṣàlàyé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ojú rẹ̀ ń le tó. Ó ní ta ló rán mi. Ó ní ṣé ìyàwó ilé ló rán mi ni? Àrọ́pò ní òun kò sọ nǹkan kan, mà. Ẹni Àná ń wo èékánná rẹ̀. Màmá wá kọjú sí mi.

"Ẹ fẹ́ mọ ògiri tì mí bí òkú. Ìwọ ni mo pè! Mo fi gbogbo ayàwòrán ilé sílẹ̀, ìwọ ni mo pè kó o wá tún ilé mi ṣe. O wá gbẹ̀san."

Mo jáde. Mo jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú àwòrán lórí itan mi.

Ṣé ẹ̀san ni? Mo bi ara mi dáadáa. Mo yẹ gbogbo igun rẹ̀ wò. Rárá. Bó bá jẹ́ ẹ̀san ni mo fẹ́, n bá fi ilé náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ẹni Àná fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù. Àrọ́pò ti di àpò kan, ó ti lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọn kò jà. Ó kàn ní òun fẹ́ lọ sùn.

Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí. Òun fẹ́ lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó wá sí ọ́fíìsì mi. "Rúlà," ló pè mí — orúkọ tó máa ń pè mí nígbà tí nǹkan ṣì dùn. Mo ní kó má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní ó dáa.

Ó fẹ́ ká parọ́ kan. Kí n sọ fún Màmá pé ògiri òkè ti fẹ́ wó, pé ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ògiri yẹn yóò dúró títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi hewú, n kò sì ní fi ẹnu mi ba ògiri jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, n kò bá a rín.

Mo wá bi í léèrè ohun tí n kò bi í rí. "Nígbà yẹn, ǹjẹ́ o mọ ìdí tí n kò fi ń sùn?"

Ó ronú sí i. Òótọ́ inú ló fi ronú. "Mo rò pé iṣẹ́ ni."

"Ìyá rẹ ń gbà wá lórí kọjá."

"Èmi ti mọ́ ọn lára," ló wí. "Inú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo rò pé bí ilé ṣe ń rí nìyẹn."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò burú rí. Ó kàn máa ń dúró kí obìnrin méjì parí ọ̀rọ̀, kó tó wọlé wá jẹun.

Ó ní kí lòun máa ṣe báyìí. Mo ní kó lọ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ayàwòrán ilé, kì í ṣe ìyàwó. Òun, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ó jókòó díẹ̀ sí i, bí ẹni tí wọ́n ní kó fi orí gbé mọ́tò. Ó wá dìde lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀njọ́

"Wá. Gbé ìwé yẹn dání." Màmá nìyẹn, lórí fóònù, láìkí mi.

Òun nìkan ló wà nílé. Ó jókòó sórí ibùsùn ní yàrá rẹ̀, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Ó ní ọmọ òun bá òun sọ̀rọ̀. "Ó ń sunkún o. Ọkùnrin gìrìwò! Mi ò tí ì rí ẹkún rẹ̀ láti ìgbà tó ti kéré."

Mo tẹ́ ìwé náà sórí itan mi.

Ó ní kí n wo àjà yàrá àárín nígbà tí mo bá ń jáde. Pákó ni, òun mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí òun jẹ́ ìyàwó tuntun, inú yàrá yẹn lòun náà gbé, ìyá ọkọ òun sì wà ní ẹ̀yìn níbí. Òun á fẹ̀yìn lélẹ̀, òun á máa ka pákó títí ìyá á fi kọjá lọ, títí á sì fi padà. "Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo mọ̀. Mo kàn rò pé bí èmi ṣe jẹ tèmi, ẹ ó jẹ tiyín. Mi ò ronú pé ẹnìkan lè dìde kó sọ pé ó tó."

Mo ní, "Màmá, kí ló wá dé tí ẹ kò fi fẹ́ ká dí i?"

Ọ̀pá rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí mo bá ṣubú ńkọ́?"

Mo wò ó.

"Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, tí mo bá jí ní ìdájí, etí mi máa ń wá èémí èèyàn. N ó dìde, n ó ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ń mí níbẹ̀ yẹn, ọkàn mi á balẹ̀. Gíláàsì kọ́ ni mò ń wá." Ó nu imú. "Ẹ bá wá fi bíríkì dí i. Bí mo bá ké, ta ló máa gbọ́?"

Ọdún mẹ́rin! Ọdún mẹ́rin ni mo fi rò pé ó ń ṣọ́ mi ni. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo mú pẹ́ńsùlù. Mo ní, Màmá, ìyẹn kò le. Aago ni. Bọ́tìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín, òmíì nínú balùwẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò dún nínú yàrá wọn kíkankíkan. Wọ́n á sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá yín. Mo yà á síbẹ̀, àmì kékeré, mo kùn ún ní pupa.

Ó wo àmì náà. "Yóò dún kíkankíkan?"

"Kíkankíkan, mà. Telọ̀ òdìkejì á gbọ́."

Ó ní ó dáa. Ó ní kí n bá òun wá bàtà òun lábẹ́ ibùsùn, pé lọ́la a ń jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo fi mọ́tò gbé Màmá lọ sílé ẹ̀gbọ́n Àrọ́pò. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí alákàn, ó ń ṣépè fún àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí Ẹni Àná di òun mú.

Màmá kì í bẹ̀bẹ̀. Kò sí i lára rẹ̀, kò sì gbìyànjú rẹ̀ lónìí. Ó jókòó sí pálọ̀ wọn, ó tẹ́ àwòrán sórí itan, ó ní, "Ìyàwó, wá. Fi ibi tó o fẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ kọjú sí hàn wá."

Àrọ́pò wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ìwé náà, ó rí ògiri níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú mọ́tò, bí a ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Àrọ́pò bi mí láti ẹ̀yìn. "Àǹtí, ṣé kọ́kọ́rọ́ á wà ní ilẹ̀kùn pálọ̀ wa?"

N kò tíì yanu tí Màmá fi dáhùn níwájú. "Méjì. Mú ọ̀kan, kí ọkọ rẹ mú ọ̀kan. Mi ò fẹ́."

N kò ní pè é ní Àrọ́pò mọ́. Àbúrò ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó àkọ́kọ́. Bíríkìlà wa — Ọ̀gá Ṣé-Ẹ-Rí-I, nítorí kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má sọ ọ́ — fẹ́ ṣe òpó onígun mẹ́rin, ó ní ó yá ju. Mo mú un lọ síwájú ilé, mo ní kó fọwọ́ pa òpó àtijọ́. Ó pa á. "Ṣé ẹ rí i, ó dùn ún pa." Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ẹ.

Màmá ti gbé àga sójú fèrèsé. Ó ti di ọ̀gá gbogbo wa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọ̀rọ̀ ti ń jà nínú ẹbí. Mọ̀lẹ́bí bàbá Ẹni Àná kan wá, obìnrin ẹlẹ́nu méje, ó ní ṣé wọn kò rí i pé ìyàwó àtijọ́ ló ń kọ́ ọ̀nà tó máa gbà padà wọlé.

Àbúrò ló sọ fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn. Kò gé ọ̀rọ̀ sẹ́nu. "Àǹtí, wọ́n ní ẹ fẹ́ padà. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Mo fẹ́ bínú. Mo wá rí i pé ó gba ìgboyà kó tó lè bi mí.

Mo ní, "Wo ọ̀nà tí mò ń kọ́ yìí. Ó gba yàrá rẹ kọjá bí?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà kò gbà á kọjá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló ní kí ló dé tí mo wá ń ṣe é tọkàntọkàn tó báyìí. Mo ní kó bá mi di ẹnu téèpù mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Wọ́n tú pákó kúrò lábẹ́ ojú ọ̀nà àkọ́kọ́ tó tẹ̀. Ó sán láàárín, krà, lójú gbogbo wa. Sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ dénú, wọ́n ti kánjú. A ní láti fọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá Ṣé-Ẹ-Rí-I kò sọ pé ṣé ẹ rí i. Ẹni Àná ní bóyá ká kúkú lo irin gbọọrọ lásán, kò sẹ́ni tó máa wo ẹ̀gbẹ́ ilé.

Màmá yọrí lójú fèrèsé. "Èmi á máa wò ó! Ẹ fọ́ ọ, ẹ tún un ṣe. Mi ò kánjú kú."

A fọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ojú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dúró, kò sán, wọ́n bá tiwájú mu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dé bàrándà. Lónìí a dí ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Màmá ní kí wọ́n dúró. Ó gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, láti yàrá rẹ̀ sí pálọ̀, ó ń fọwọ́ kan ara ògiri, ó ń wo àjà. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun padà, ó jókòó, ó ní, "Ẹ máa ṣe é."

Bíríkì dé àyà, ó dé ọrùn, ó dé orí. Àbúrò dúró nínú yàrá rẹ̀, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tán lójú ihò náà. Bí wọ́n ṣe rẹ́ ẹ tán, òun àti Ẹni Àná gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò láàárín yàrá, wọ́n tì í mọ́ ògiri. Yàrá náà fẹ̀! Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò wọlé. Kì í ṣe yàrá mi.

Aago dún. Àbúrò sáré. Màmá ní òun ń dán an wò ni. Aago tún dún. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó tún dún, Ẹni Àná ló sáré, bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì bá Màmá tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀ ń gbọ́ mi," ló ń wí. "Ẹ̀ ń gbọ́ mi dáadáa."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo lọ wò ó ní ọ̀sán, ọ̀dà ti gbẹ. Mo dúró ní òdìkejì títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù telọ̀, mo gbìyànjú láti rí ibi tí tàtijọ́ ti parí tí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Mo yà á fúnra mi, síbẹ̀ mo wá a tì.

Ìsàlẹ̀ dákẹ́. Mo gòkè. Màmá nìkan ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀, lórí àga, ọ̀pá lórí itan. Ó nàka sí yàrá àárín, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: wọ́n ń sùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹun tán. Ó ní Àbúrò ń sùn bí ọmọ ọwọ́ báyìí, pé ó ti ń sanra.

Mo jókòó sórí ìgbátí. Òjìji àwọn òpó nà gbọọrọ sílẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù.

Láìwò mí, ó ní, "Ká ní ó ti wà nígbà náà. Ọ̀nà yìí. Ṣé wàá dúró?"

Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ yà á. Mo lè sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ yóò dùn, yóò tún bà jẹ́.

"N bá ṣì lọ, Màmá. Èmi àti ọmọ yín, a kò mọ bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Òun ti ń kọ́ ọ báyìí. Ṣùgbọ́n n kì bá tí jáde lẹ́yìn yín bí olè. N bá dágbére fún yín."

Bọ́ọ̀lù fo kọjá odi, ọmọ kan sáré lé e.

"Dágbére fún mi báyìí," ló wí.

Mo dìde. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Wọ́n fúyẹ́. Mo ní, "Màmá, mo ń lọ. Ẹ ṣeun. Ó dàbọ̀."

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Kó o rìn ire."

A sunkún díẹ̀, jẹ́jẹ́, nítorí àwọn tó ń sùn. Mo sì lọ. Mo ti dé orí àtẹ̀gùn kó tó tún fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn pè mí: ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ òun ń jò, ṣé lọ́la ni n ó wá wò ó àbí ọ̀túnla?

Mo ní ọ̀túnla, mà. Inú mi dùn títí mo fi délé.